Àpótí Ìmọ̀: Bí Sáfà Kóòdù Bá Dákẹ́

Bí iléeṣẹ́ bá gbé GitLab, ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kó kóòdù wọn sí, sórí sáfà tirẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Má tíì sáré pa á kí o tún un tàn. Wo ohun tó kọ sójú ẹ̀rọ ná. Bó bá jẹ́ 502, nginx tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣì ń ṣiṣẹ́. Puma, ètò tó ń gbé GitLab fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ni kò dáhùn. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tan sáfà ni, ní sùúrù ìṣẹ́jú mélòó kan. Puma kì í tètè jí.

Kò jí síbẹ̀? Fi SSH wọlé, kí o tẹ df -h. Dísìkì tó kún ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Fáìlì bákọ́ọ̀pù á máa kóra jọ sí /var/opt/gitlab/backups láìsí ẹni tó ń kó wọn kúrò, títí Use% á fi di 100%. PostgreSQL, tó ń tọ́jú dátà GitLab, kò ní ráyè kọ nǹkan mọ́, gbogbo rẹ̀ á wá dákẹ́ rọ́rọ́. Kó àwọn ti àtijọ́ lọ síbòmíràn. Ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan git-data o. Ibẹ̀ ni kóòdù gan-an wà.

Bí àyè bá wà lórí dísìkì, gitlab-ctl status á fi ètò tó kú hàn, gitlab-ctl tail á sì sọ ohun tó pa á.

Ní ti àwọn òṣìṣẹ́, Git ti fi ìtàn kóòdù sórí kọ̀ǹpútà ẹni tó bá ṣe clone. Wọ́n lè máa ṣe commit lọ. Push ló máa dúró.