Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Peter Pitseolak, Ayafọ́tò Ilẹ̀ Yìnyín

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo ara ògiri pálọ̀ ilé yín. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí fọ́tò bàbá àgbà yín níbẹ̀, tí ó wọ agbádá, tí ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ta ni ó ya fọ́tò náà? Bóyá ayafọ́tò àdúgbò ni, ẹni tí ó mọ bàbá àgbà yín dáadáa. Ṣùgbọ́n ká ní kò sí ayafọ́tò kankan ní ìlú yín ńkọ́? Ká ní àlejò nìkan ni ó ń gbé kámẹ́rà wá, tí ó ń yà yín, tí ó sì ń kó fọ́tò náà lọ sí ìlú rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún àwọn Inuit nígbà kan.

Àwọn Inuit ni onílẹ̀ ní ìhà àríwá pátápátá ní orílẹ̀-èdè Kánádà. Òtútù ibẹ̀ kò kéré rárá. Bí ìgbà òtútù bá dé, òkun a dì gbagidi, àwọn ènìyàn a sì máa rìn lórí rẹ̀ bí ẹni ń rìn lójú títì. Erékùṣù kan níbẹ̀, tí à ń pè ní Nottingham, ni a bí Peter Pitseolak sí ní 1902. Nígbà tí ó dàgbà, ó ń gbé ní agbègbè Cape Dorset, ìlú tí ó ti ń jẹ́ Kinngait láti 2020. Ọdẹ ni.

Ẹ gbọ́ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Láàárín 1930 sí 1939, òyìnbó kan fẹ́ ya fọ́tò béárì funfun. Ẹranko ńlá ni béárì, ó sì lè pa ènìyàn jẹ. Ẹ̀rù ba òyìnbó náà, kò lè sún mọ́ ọn. Ni ó bá gbé kámẹ́rà fún Peter. Peter sún mọ́ ẹranko náà, ó sì yà á. Fọ́tò àkọ́kọ́ tí ó yà láyé rẹ̀ nìyẹn!

Kò pẹ́ lẹ́yìn 1940 tí ó rí kámẹ́rà tirẹ̀ gbà lọ́wọ́ àlùfáà ìjọ Àgùdà kan. Kò sí ọ̀gá tí yóò kọ́ ọ níṣẹ́. Òun àti Aggeok, ìyàwó rẹ̀, ni wọ́n jọ kọ́ ara wọn.

Fọ́tò ayé ìgbà náà kò dà bí ti fóònù tí a ń yà tí a sì ń rí lójú ẹsẹ̀. Inú fíìmù ni àwòrán ń wà, ojú kò sì ní rí i títí a ó fi fi omi oògùn fọ fíìmù náà nínú òkùnkùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án kí a tó fọ̀ ọ́ tán, ó bàjẹ́ nìyẹn. Báwo wá ni ẹni tí ó ń fọ̀ ọ́ yóò ṣe ríran? Iná pupa ni àwọn ayafọ́tò ń tàn, nítorí kì í ba irú fíìmù àti bébà tí wọ́n ń lò nígbà náà jẹ́. Peter kò ní iná pupa. Kò sì ní yàrá òkùnkùn. Òun àti Aggeok wọ inú ilé tí àwọn ọdẹ fi yìnyín mọ, wọ́n sì fi aṣọ pupa bo tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì mẹ́ta. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fọ àwọn fọ́tò wọn àkọ́kọ́. Nígbà tí ó tún nílò ohun tí yóò fi bo ojú kámẹ́rà kí ìmọ́lẹ̀ lè dínkù, awò dúdú àtijọ́ kan, irú èyí tí a ń lò sójú nítorí oòrùn, ni ó fi ṣe é. Ẹ ò rí i pé orí ọkùnrin yìí pé!

Àwọn ẹbí rẹ̀ àti àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ni ó ń yà. Ó mọ orúkọ wọn. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Àwọn àlejò kì í sábà kọ orúkọ ẹni tí wọ́n bá yà. Wọ́n lè kọ “obìnrin Inuit” kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí 2002 ni ilé tí ìjọba Kánádà ń kó ìwé àti àwòrán àtijọ́ pamọ́ sí ti ń gbé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ tọ àwọn àgbàlagbà Inuit lọ, kí wọ́n lè bá wọn dá àwọn ènìyàn inú rẹ̀ mọ̀.

Ohun kan tún ń jẹ Peter lọ́kàn. Ayé àtijọ́ ń kọjá lọ lójú rẹ̀. Aṣọ tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù ń gba ipò aṣọ awọ ẹran, àwọn ìdílé sì ń fi àgọ́ ọdẹ sílẹ̀ lọ sí ìlú. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ rí bí àwọn baba ńlá wọn ṣe gbé ayé. Nítorí náà, a máa ní kí àwọn ènìyàn wọ aṣọ àtijọ́ kí ó tó yà wọ́n. Ẹnì kan lè sọ pé eré ni wọ́n ń ṣe. Ní tèmi, n kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ìyá àgbà yín bá ró aṣọ òfì ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ kí a lè yà á ní fọ́tò, ṣé irọ́ ni ó ń pa?

Peter tún kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ní èdè Inuit. Ó kú ní 1973. Ní 1975 ni ìwé tí òun àti Dorothy Eber jọ ṣe jáde, àwọn fọ́tò rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Fíìmù tí ó fi sílẹ̀ lé ní 1,500, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Kánádà sì rà wọ́n pamọ́. Fọ́tò kan wà tí Peter fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí ó mú kámẹ́rà lọ́wọ́. Aggeok ni ó yà á.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó mú kí òyìnbó náà gbé kámẹ́rà rẹ̀ fún Peter?
2. Iṣẹ́ wo ni aṣọ pupa ṣe?
3. Ṣé ẹ gbà pé eré lásán ni wíwọ aṣọ àtijọ́ fún fọ́tò? Ẹ sọ ìdí.
4. Ẹ wá fọ́tò àtijọ́ kan nílé. Ẹ béèrè orúkọ gbogbo ẹni tí ó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì kọ wọ́n sílẹ̀.