Orí Ló Ń Pá, Irun Ló Ń Re

Ọ̀dọ́kùnrin kan jókòó síwájú onígbàjámọ̀ ní Daagbé, ó fọwọ́ pa iwájú orí rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, irun mi ń pá." Onígbàjámọ̀ dá a lóhùn: "Àìsàn àbímọ́ ni, ó wà nílé yín." Ẹnì kẹta tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó ń retí kó kàn án, dá sí i: "Irọ́ ni, irun rẹ̀ ló ń já. Lọ ra òróró sí i." Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́ ara wọn yé, síbẹ̀ kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó pe nǹkan náà bí ó ṣe yẹ.

Ẹnìkan lè ní kí ló kàn mí, nígbà tí ọ̀rọ̀ ti yé wọn. Òróró yẹn ló kàn mí. Daagbé, ní ilẹ̀ Benin, kò jìnnà sí ẹnubodè Ìgòlò tí a ń gbà wọ Nàìjíríà. Ìgò tí wọ́n kọ Faransé sí lára ń ti Àjàṣẹ́ wá, èyí tí wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì sí lára ń gba Ìdí-Ìrókò wọlé, gbogbo wọn ló sì ń ṣèlérí irun. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín irun tó já àti orí tó pá, yóò ra oògùn èkíní fún èkejì, yóò sì máa fi pa orí títí owó yóò fi tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Irun kì í pá. Orí ni í pá. Ibi tí nǹkan ti kúrò ni ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ń bá wí, kò bá ohun tó kúrò níbẹ̀ wí. A ní orí ọkùnrin náà pá, tàbí ó pá lórí; bí a bá sì pa ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, ó di párí. Inú párí la ti yọ apárí, ọ̀rọ̀ kan tó ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó lè jẹ́ ènìyàn ("apárí ni ọkùnrin náà"), ó sì lè jẹ́ ojú ibi tó dán bọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ("apárí rẹ̀ ń dán nínú oòrùn"). Orí pípá ni a ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà fúnra rẹ̀.

Irun ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, èyí tí a bá sì lò ti sọ ẹni tó mú irun lọ. Bí abẹ bá mú un lọ, a fá a. Bí ọwọ́ bá fà á, ó tu. Ìdí nìyí tí iwájú orí obìnrin tí onídìrí ń dì le koko láti kékeré fi ń ṣí sílẹ̀, tí àwọn ènìyàn a sì máa sọ pé obìnrin náà ń párí. Kò párí, wọ́n tu ú nírun ni. Bí irun bá gbẹ, tàbí tí oògùn tí ń mú irun nà bá jẹ ẹ́, ó já ní agbede méjì, gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà nínú awọ. Bí ó bá sì ti ìdí kúrò láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ó re, bí ìyẹ́ ẹyẹ ṣe ń re. Nítorí náà, ohun tí ọ̀dọ́kùnrin wa ìbá sọ ni "orí mi ń pá" tàbí "irun mi ń re". Èkejì kò sì fi dandan túmọ̀ sí èkíní, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe rí i.

Àwọn baba wa kò kó gbogbo orí tí kò nírun pọ̀ sójú kan. Ìlàrí, ìránṣẹ́ Aláàfin, ni wọ́n ń fá apá kan orí rẹ̀ tí wọ́n ń fi apá kejì sílẹ̀. Adóṣù ni wọ́n fá lórí nígbà tó wọ inú awo òrìṣà, tí wọ́n sì dá oṣù sí i. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni wọ́n fá lórí kodoro. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí tó jẹ́ apárí, nítorí irun wọn yóò tún hù. Apárí nìkan ni abẹ kò kàn, tí irun kò sì padà.

Ibi tí orí ọkùnrin ti ń pá náà ní orúkọ, kò yẹ kó jẹ́ "iwájú" àti "ẹ̀yìn" nìkan ni a ó máa sọ lójúkojú. Ní ẹ̀bátí ọ̀tún àti tòsì ló sábà ti ń bẹ̀rẹ̀: irun ibẹ̀ a máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, èyí tó wà láàárín iwájú a ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn náà ni àtàrí yóò ṣí sílẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ti iwájú àti ti àtàrí a pàdé, ti ìpàkọ́ àti ti òkè etí a sì dúró gbọin-gbọin. Ètò yìí ni a fi ń dá orí pípá àjogúnbá mọ̀. Ìdí rẹ̀ náà nìyí tó fi jẹ́ pé àwọn dókítà tó ń lọ́ irun láti ibì kan sí ibòmíràn lórí, ìpàkọ́ ni wọ́n ti ń yọ ọ́: irun ibẹ̀ kì í gbàgbé ìwà rẹ̀ bí wọ́n bá gbé e síwájú.

Orí ènìyàn ní ihò irun tó tó nǹkan bí 100,000, kò sì sí ohun tó burú bí irun 50 sí 100 bá re lójúmọ́. Ẹni tó rí irun lára kóòmù rẹ̀ kò tíì di apárí, nítorí òmíràn ń hù dípò èyí tó re. Ní ti orí pípá, òmíràn náà ń hù o, ṣùgbọ́n ó ń tín-ín-rín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kì í sì pẹ́ lórí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ihò tó ti ń hù a máa sún kì, títí irun náà yóò fi di fúlẹ́fúlẹ́ tí ojú kò rí mọ́. Họ́mọ̀nù ọkùnrin ló wà nídìí rẹ̀, testosterone, nígbà tí ara bá sọ ọ́ di dihydrotestosterone, tí wọ́n ń gé kúrú sí DHT.

Hippocrates ará Gíríìkì ti ṣàkíyèsí ní ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn pé ìwẹ̀fà kì í párí. (Ìwẹ̀fà ni ọkùnrin tí a tẹ̀ lọ́dàá, irú èyí tó wà nínú ìtàn ààfin Ọ̀yọ́.) Ní 1942, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, James Hamilton, fi ìwádìí gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀. Ó rí i pé ọkùnrin tí a tẹ̀ lọ́dàá kó tó bàlágà kì í párí, àfi bí a bá fún un ní họ́mọ̀nù ọkùnrin. Bí a bá sì fún wọn, kì í ṣe gbogbo wọn ni orí wọn ń pá, àwọn tó wà nínú ìran wọn ni. Ohun méjì ló ń pàdé, nígbà náà: họ́mọ̀nù tí gbogbo ọkùnrin ní, àti ogún tí kì í ṣe gbogbo wọn ló jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ogún yìí ló jẹ́ kí n máa bá onígbàjámọ̀ jà lórí àbímọ́. Àbímọ́ ni ohun tó wà lára ọmọ tí gbogbo ènìyàn rí lọ́jọ́ tí ó dáyé. Àjogúnbá yàtọ̀: ó lè wà nípamọ́ lára ènìyàn fún ogún ọdún tàbí ogójì, bí ilẹ̀ tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì tó ilẹ̀ gbà. Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ àbímọ́ tí kì í ṣe àjogúnbá, òmíràn sì wà tó jẹ́ àjogúnbá tí kò hàn nígbà ìbí. Orí pípá ọkùnrin wà nínú èyí ìkẹyìn. (Ọmọ tuntun tí orí rẹ̀ ń dán, ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe apárí. Irun rẹ̀ kò tíì dé ni.)

"Ó wà nílé yín." Ilé ta ni? Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí a bá sọ pé ilé yín, ilé bàbá la sábà ń ní lọ́kàn. Bí ọ̀rọ̀ bá sì di ti apárí, àwọn kan a ní rárá, ọ̀dọ̀ bàbá ìyá ni kí o lọ wò. Wọ́n jàre díẹ̀. Jíìnì kan wà tó lágbára nínú ọ̀rọ̀ yìí, èyí tó ń jẹ́ kí ara gbọ́ ohùn họ́mọ̀nù ọkùnrin. Ara kirómósóòmù X ló wà, ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni ọmọkùnrin sì ti ń gba X. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Edinburgh yẹ ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin tó lé ní 52,000 ní Bìrìtéènì wò, wọ́n rí ibi 287 nínú jíìnì tó nǹkan ṣe pẹ̀lú orí pípá. 40 nínú wọn ló wà lára X, àwọn tó kù lè wá láti ọ̀dọ̀ bàbá tàbí ìyá. Bí a bá ní ẹni bíni là á jọ, àwọn méjì ló bíni. Èmi yóò fara mọ́ "ó wà nínú ìran yín", nítorí ìran gba tọ̀tún tòsì mọ́ra ju ilé lọ. Àbúrò àti ẹ̀gbọ́n ọlọ́mọ ìyá tún lè má jogún bákan náà, èyí tí ẹnikẹ́ni tó ti rí ibi tí wọ́n ti ń pín ogún kò ní jiyàn lé lórí.

Àìsàn ńkọ́? Orí pípá àjogúnbá kì í dunni, kì í yúnni, kì í ràn. N kò rí ìdí tí a ó fi pè é ní àìsàn. Ohun tó jẹ́ àìsàn ni làpálàpá orí, tó ń mú àwọn ọmọdé jù: ó ń yún, ó ń hó, irun ibẹ̀ ń já, ó sì ń ti orí ọmọ kan bọ́ sórí èkejì, pàápàá bí abẹ tàbí kílípà kan náà bá kan orí gbogbo wọn. Òun ló ní oògùn tó ń wò ó sàn. Ojú kan róbótó tó ṣí lójijì, orí tó ń yún tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, irun tó re ṣùà lẹ́yìn ibà líle tàbí ìbímọ, ti dókítà ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá pe gbogbo èyí ní apárí ti sé ọ̀nà ìwòsàn mọ́ ara rẹ̀.

Ní ti oògùn apárí gan-an, ayé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a. Ìwé ìṣègùn Ebers ti Íjíbítì, tó ti wà láti nǹkan bí 1550 ṣáájú ìbí Jésù, ní kí wọ́n po ọ̀rá kìnnìún, ti erinmi, ti ọ̀nì, ti ológbò àti ti ejò pọ̀ fi pa orí. Ológbò nìkan ló rọrùn láti rí ní Daagbé. Méjì ni àwọn dókítà òde òní ń lò jù: minoxidil tí a ń fi pa orí, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún irun ní 1988, àti finasteride tí a ń gbé mì, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1997, tó ń dí ara lọ́wọ́ kó má sọ testosterone di DHT. Bí a bá dá wọn dúró, orí a tún bẹ̀rẹ̀ sí í pá. Aboyún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan finasteride tó fọ́, nítorí ọmọkùnrin tó lè wà nínú rẹ̀.

Òwe ni mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Yorùbá ní ewú logbó, irùngbọ̀n làgbà, máamú làfojúdi. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe pín irun kiri ojú àti orí, tí wọn kò sì fún apárí ní nǹkan kan níbẹ̀. Mo gbà pé àkíyèsí ni, kì í ṣe ìgbàgbé. Ewú ń tẹ̀ lé ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lè máa párí, Wọlé Ṣóyínká sì ti kọjá ẹni 90 ọdún, irun rẹ̀ funfun báláú, ó kún orí. Ẹni tó bá kí apárí ní "bàbá" nítorí orí rẹ̀ nìkan lè bá ọmọ àbúrò rẹ̀ níbẹ̀.

"Apárí ń fojú di abẹ" ni a ń ṣì lò jù. Àwọn kan ń pa á láti fi bú ẹni tí orí rẹ̀ pá. Ẹni tí nǹkan kò lè rí mú lọ́wọ́ rẹ̀, tó wá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ni òwe náà ń bá wí: ẹni tí kò ní ilé tó ń fi owó orí ilé ṣẹ̀fẹ̀, bí àpẹẹrẹ. Irun rẹ̀ lè kún bí igbó kí òwe yìí bá a mu.

Òwe kẹta kò dárúkọ apárí, síbẹ̀ òun ni mo máa ń fi dá àwọn tó ní apárí lolówó lóhùn: orí burúkú kì í wú tuulu. Bí orí òde kò bá lè fi ibi hàn, kò lè fi ọlà hàn. Ìgbàgbọ́ apárí-lolówó yìí ń pa wá lẹ́rìn-ín níhìn-ín, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà 2017, àwọn ọlọ́pàá Mòsáńbíìkì ní láti kìlọ̀ fún àwọn apárí pé kí wọ́n ṣọ́ra, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀daràn pa àwọn kan nínú wọn ní àgbègbè Milange nítorí ìgbàgbọ́ pé góòlù wà nínú orí wọn.

Ó ku bí a ṣe ń sọ ọ́ lójú ẹni. Ọmọdé kò gbọdọ̀ sọ pé "apárí yẹn" nípa àgbà. "Àwọn bàbá tí orí wọn pá" ló tọ́, "àwọn bàbá tí orí wọn ń dán" sì tún rọ̀ díẹ̀. Ẹni tó ń wá ohun tí yóò fi túmọ̀ "calvitie héréditaire" ti Faransé fún àwọn ènìyàn Daagbé, orí pípá àjogúnbá ti tó. Bí ó bá sì ń fi álífábẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣètò ní Benin ní 1975 kọ apárí, akpárí ni yóò kọ, kó má sì fi àmì ohùn sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó bá kọ "o ti kpari" lásán sínú ìwé aláìsàn, ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní mọ̀ bóyá orí ọkùnrin náà ló pá ni, tàbí ìtọ́jú rẹ̀ ló ti parí.