Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Kí A Tó Ra Ẹ̀rọ Íntánẹ́ẹ̀tì Onífáíbà

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, láti 2020 tí ìjọba Èkìtì ti dín owó àtirì okùn fáíbà kù, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ó rà bí a bá fẹ́ ta íntánẹ́ẹ̀tì fún ìsọ̀ Ọjà Ọba.

Okùn GPON kan láti ara ẹ̀rọ àgbà, OLT, lè pín sí ìsọ̀ 64. Ohun tó ń pín in kò lo iná rárá. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá lò ó pọ̀, mẹ́gábíìtì 39 péré ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ 32, ó di 78. Ẹ jẹ́ ká mú 32.

Kí a tó sanwó, kí ọlọ́jà so ẹ̀rọ inú ìsọ̀, ONU, mọ́ OLT lójú wa. Bí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n bá yàtọ̀, wọ́n lè má bára ṣiṣẹ́. Owó àjọ ni o, kì í ṣe owó ìdánwò.