Kí Ẹ Tó Ra Bátìrì Tuntun Fún Ọkọ̀ Yín

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ oní-mótò ṣiṣẹ́ lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́, ẹ̀kọ́ tòní wà fún yín. Ó wà fún ẹ̀yin ìyàwó wọn náà, nítorí lọ́pọ̀ ìgbà ẹ̀yin ni ẹ ń mú owó bátìrì jáde.

Ọkùnrin kan wà nínú kíláàsì wa tó ń kó èrò àti ẹrù lọ sí Àgbádárìgì. Mótò rẹ̀ ti gbó. Láàárín ọdún kan, ó ra bátìrì mẹ́ta. Bó bá ra ọ̀kan, iná orí ọkọ̀ á mọ́lẹ̀ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà á máa ṣe bàìbàì, títí yóò fi kú. Okùn ló fi ń fa mótò, nítorí náà mótò ń ṣiṣẹ́, kò sì ka ọ̀ràn náà sí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó ń bọ̀ wálé láìsí iná. Ọkọ̀ mìíràn tó ń sáré bọ̀ kò rí i. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n kọlu ara wọn. Èrò mọ́kànlá ló wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, ọmọ ọwọ́ sì wà láàárín wọn.

Nígbà tí a yẹ mótò náà wò, fíúsì kan ṣoṣo ló ti jó. Àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é ní fusible. Owó rẹ̀ kò tó owó àkàrà àárọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mọ ibi tí iná ti ń wá. Lábẹ́ ìdérí mótò, kẹ̀kẹ́ irin wíwúwo kan wà tó ń yí. Òòfà wà nínú rẹ̀. Lábẹ́ kẹ̀kẹ́ náà ni bọ́bìnì wà, ìyẹn wáyà tí wọ́n wé mọ́ irin. Bí òòfà bá ń yí ká bọ́bìnì, iná á jáde. Ṣùgbọ́n iná yìí ń lọ síwájú, ó ń padà sẹ́yìn; bátìrì kò lè gba irú rẹ̀. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ gba inú ohun kékeré kan kọjá, tí wọ́n ń pè ní redresseur. Ẹ mọ ìgèrè tí a fi ń pẹja. Ẹja lè wọlé, kò lè jáde. Bẹ́ẹ̀ ni redresseur ń ṣe sí iná. Lẹ́yìn èyí ni iná á gba fíúsì kọjá, tí yóò sì wọ inú bátìrì.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò náni lówó. Ẹ wo orí bátìrì. Bí ohun funfun tàbí ohun àwọ̀ ewé bá hù síbẹ̀, ẹ yọ àwọn wáyà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á títí yóò fi máa dán. Ẹ dè é padà kó le. Ẹ má mu sìgá nítòsí, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń ti inú bátìrì jáde lè bú gbàmù. Ẹ ṣọ́ ojú yín. Lẹ́yìn náà ẹ tọ wáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Omi ọ̀sà wa níyọ̀ ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ń jẹ wáyà láti inú, tí rọ́bà ara rẹ̀ á ṣì máa dán. Ẹ yọ fíúsì, ẹ wò ó lójú ìmọ́lẹ̀.

Wàyí o, ẹ yá ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná. Ẹ jẹ́ kí bátìrì sinmi mọ́jú, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Bó bá jẹ́ 12,6 fóòtì, ó yó. Bó bá jẹ́ 12,0, ebi ń pa á. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi iná sí bátìrì. Èyí tó bá pẹ́ nínú ebi á bàjẹ́ lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ẹ tan mótò nínú omi, ẹ má tàn án lórí ilẹ̀ gbígbẹ, nítorí rọ́bà tó ń fa omi sínú mótò á jó. Ẹ má jẹ́ kí aṣọ tàbí irun súnmọ́ kẹ̀kẹ́ irin náà. Ẹ fún mótò ní iná díẹ̀, nítorí mótò àtijọ́ tó ń rọra ṣiṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ fún bátìrì lóúnjẹ. Ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bó bá gòkè láàárín 13,5 sí 14,5, ó dára. Bí kò bá kúrò lójú kan, iná kò dé ọ̀dọ̀ bátìrì. Bó bá kọjá 15, iná ti pọ̀ jù. Bátìrì á máa hó, omi rẹ̀ á máa gbẹ.

Bí fíúsì àti wáyà bá dára, ẹ fura sí redresseur. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí a bá fi wáyà pupa sí ibi tí àmì − wà, ó lè jó lójú ẹsẹ̀. Bí a bá sì yọ wáyà bátìrì nígbà tí mótò ń ṣiṣẹ́, ó tún lè jó, nítorí iná kò rí ibi lọ. Mo ti rí ọ̀gá mẹkáníìkì tó ń yọ wáyà báyìí láti fi dán mótò wò. Bó ti wù kó jẹ́ ọ̀gá tó, ẹ má jẹ́ kó ṣe é sí tiyín. Ẹ sì kọ àwọ̀ wáyà kọ̀ọ̀kan sínú ìwé yín kí ẹ tó tú u. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ́ yín ní ìwé kíkọ.

Bọ́bìnì ni kẹ́yìn. A kò lè dé ìdí rẹ̀ láìyọ kẹ̀kẹ́ irin, ìyẹn sì ń fẹ́ irinṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ má fi òòlù lù ú. Ibí yìí ni kí ẹ ti pe mẹkáníìkì.

Ìdánwò: Ẹ ka iye fóòtì ọkọ̀ mẹ́ta yìí sókè. Èwo ni ara rẹ̀ dá? Kí ni ẹ ó yẹ̀ wò lára àwọn yòókù?

Ọkọ̀ kìíní: mótò dúró, 12,5, mótò ń sáré, 12,4.
Ọkọ̀ kejì: mótò dúró, 12,6, mótò ń sáré, 14,1.
Ọkọ̀ kẹta: mótò dúró, 12,3, mótò ń sáré, 15,8.