Ẹ̀KỌ́ ÌMỌ́TÓTÓ: AṢỌ TÍ À Ń SÙN LÉ ÀTI KÚRÚNÀ



Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló yẹ ká máa fọ ṣíìtì àti àpò ìrọ̀rí. Bí ọmọ bá tọ̀ sílé, àárọ̀ ọjọ́ náà ni.

Ṣùgbọ́n bí kúrúnà bá wọlé, ọ̀rọ̀ yí padà. Kòkòrò tín-ín-tín ló ń gbẹ́ ihò sínú awọ ara, pàápàá láàárín ìka ọwọ́. Òru ló ń yúnni jù. Ẹni tí kò ní in rí lè kó o, kí ara rẹ̀ má yún fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í tọ́jú ọmọ kan ṣoṣo.

Gbogbo ará ilé ni kó lo oògùn tí ọsibítù bá kọ, lọ́jọ́ kan náà. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ fi omi gbígbóná fọ ṣíìtì, aṣọ ìbora, tówẹ̀lì àti aṣọ tí wọ́n wọ̀, kẹ́ ẹ sá a sóòrùn. Èyí tí kò ṣeé fọ̀, ẹ dì í sínú ọ̀rá fún ọ̀sẹ̀ kan. Kòkòrò náà kì í sábà lò ju ọjọ́ 3 lọ bí kò bá sí lára èèyàn.

Ẹni tó ra oògùn tí kò fọ aṣọ, yóò tún oògùn rà. Owó ọjà kọ́ nìyẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ìyá tó wà nísọ̀ kejì o.