Gáàsì Ń Jó, Gáàsì Ń Jò

"Gaasi n jo." Bí ẹ bá kọ ọ́ báyìí láìfàmì sí i, tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tún gáàsì ṣe ní Dùgbẹ̀, nílùú Ìbàdàn, kò ní mọ̀ bóyá ó ń jó ni, pé iná wà lórí bọ́nà, tàbí ó ń jò, pé ó ń yọ́ jáde níbi tí kò yẹ. Ti àkọ́kọ́ ò kánjú. Ti èkejì kò ṣeé fi falẹ̀.

"Iná ẹ̀rọ mi ò dáa" náà ò sọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ èdè wa lórúkọ fún àìsàn iná lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yan kọfí. Kọfí ò ṣàjèjì nílùú Ìbàdàn: ó wà lára ohun ọ̀gbìn tí ilé-iṣẹ́ CRIN ní Ìdí-Ayùnrẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, ń ṣèwádìí lé lórí. Yíyan là ń yan án, a kì í sun ún. Iṣu tó fojú kojú iná là ń sun. Inú àgbá onírin tó ń yí lórí iná ni kọfí wà, bó bá sì gbóná tó nǹkan bíi 200°C, kóró rẹ̀ á máa ta.

Bí ẹ bá ṣáná sí i tí kò gbà, iná kò ràn nìyẹn. Bó bá ràn, tó tún kú bí ẹ ṣe gbọ́wọ́ kúrò, iná kò dúró ni: irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbooru lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́nà, tó ń jẹ́ kí gáàsì máa bọ̀, lè ti dọ̀tí. Iná tó ń jó pupa, tó ń rú èéfín, atẹ́gùn ni kò rí tó. Ìyàngbò kọfí ló sábà máa ń dí ihò bọ́nà. Iná tó rẹlẹ̀, ẹ wo rẹ́gúlétọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún "gbiná" o. Ilé ló ń gbiná, mọ́tò ló ń gbiná. Ẹni tó bá pariwo "gáàsì ti gbiná" ní Bódìjà, nílùú Ìbàdàn kan náà, nígbà tó jẹ́ pé bọ́nà kàn ràn ni, àdúgbò á tú ká mọ́ ọn lórí. Ojú wọn ti rí nǹkan: lọ́jọ́ 16, oṣù Kìíní, 2024, ohun abúgbàmù tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní àwọn awakùsà aláìgbàṣẹ kó pamọ́ bú níbẹ̀, ó wólé, ó sì pààyàn. Gáàsì kọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ní fẹ́ dúró bèèrè?

"Kú" àti "pa" ló wá ṣòro jù. Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a feérú bojú. Ti gáàsì ò léérú. Bó bá kú fúnra rẹ̀, gáàsì ṣì lè máa tú jáde, ó wúwo ju atẹ́gùn lọ, ilẹ̀ ló ń rá gbà. Nítorí náà, bí ọmọṣẹ́ bá ní "mo ti pa á, ọ̀gá," ẹ bi í: iná lo pa ni, àbí ẹnu sílíńdà lo tì? Bí ẹ bá sì ń gbóòórùn, omi ọṣẹ lẹ ó fi pa ojú páìpù, kì í ṣe ìṣáná. Ibi tó bá ti ń hó ló ti ń jò.