Àmánà Tó Wà Nínú Fóònù Wa

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó mọ ìkọ̀kọ̀ àti gbangba. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Bí a bá gbọ́ àmánà, owó tàbí ẹrù tí wọ́n ní kí á bá wọn tọ́jú ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù tí ènìyàn fún wa, àmánà ni òun náà.

Ọ̀pọ̀ wa ló ń gbé ní Ajégúnlẹ̀, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá. Bí owó iṣẹ́ bá pẹ́, tí onílé sì ń béèrè owó ilé, áàpù owó yíyá a máa wu ènìyàn. Kò sí oníduró, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni owó á ti wọlé. Ṣùgbọ́n kí owó tó jáde, àwọn kan nínú áàpù wọ̀nyí ń béèrè ìyọ̀ǹda láti wo nọ́ńbà gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ká mọ́ kì í kà á, á kàn tẹ̀ ẹ́ ni. Ọjọ́ tí àdéhùn bá yẹ̀, wọn yóò máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pé olè ni.

Èyí kì í ṣe àhesọ. Ní oṣù Ògọ́sìtì 2021, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní NITDA bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé-iṣẹ́ Soko Lending lórí irú ìwà yìí. Ní oṣù Máàṣì 2022, FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan n'Íkẹjà. Ní 2023, Google pàṣẹ pé áàpù owó yíyá orí Play Store kò gbọdọ̀ wo nọ́ńbà tàbí fọ́tò inú fóònù oníbàárà mọ́. Ní oṣù Júùnù ọdún náà ni Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu Òfin Ìdáàbòbò Dátà, tó gbà wá láyè láti fagi lé ìyọ̀ǹda tí a ti fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, áàpù tí wọ́n fi líǹkì ránṣẹ́ síni kò gba ọ̀nà Play Store kọjá.

Kí ni ẹ̀sìn wí?

1. Nínú Suratu Nuur (24:27), Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti wọ ilé onílé láìgba ìyọ̀ǹda, láìsálámà. Nínú ilé alájọgbé wa, aṣọ lásán ló wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹlòmíràn, síbẹ̀ a kì í wọlé láìkágò. Ẹni tó fi nọ́ńbà ìpàdé wa lé áàpù lọ́wọ́ ti ṣí ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tirẹ̀.

2. Suratu Hujuraat (49:6 àti 12) ní kí á wádìí ìròyìn, ó sì kọ ìtọpinpin àṣírí àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé orí fóònù wa, kí á má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Kí á pe ẹni náà ní kọ̀rọ̀.

3. Hàráámù ni èlé. Ànábì pàápàá a máa tọrọ ààbò Ọlọ́hun kúrò lọ́wọ́ gbèsè. Ìwà burúkú ayánilówó kò pa gbèsè rẹ́. Kí ẹni tó yá owó san án.

Kí ni kí á ṣe? Kí á wọ ibi ètò fóònù wa, kí á gba ìyọ̀ǹda padà lọ́wọ́ áàpù tí kò nílò rẹ̀. Bí wọ́n bá ń dójú tini, kí á tọ́jú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́, kí á fi ẹjọ́ sun FCCPC. Ní pàtàkì, kí ẹni tó ní lọ́wọ́ máa yá ará rẹ̀ láìgba èlé, kí ó sì lọ́ra fún ẹni tí kò tíì rí san (2:280). Ìtìjú wa ló ń lé àwọn kan nínú wa lọ sọ́dọ̀ áàpù.

Ìbéèrè fún ìjíròrò: Bí ará wa kan bá nílò owó lọ́la, ṣé ó lè sọ fún wa láìbẹ̀rù pé a ó tú àṣírí rẹ̀?

Kí Ọlọ́hun bo àṣírí gbogbo wa. Àmín.